Ta Ló Máa Gba Àlejò, Ta Ló Máa Rìnrìn Àjò? Ìṣirò Tó Wà Lẹ́yìn Ètò Ìdíje Bọ́ọ̀lù

(Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú wa sọ níbi àpéjọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ àtijọ́)

   

Nígbà tí akọ̀wé ẹgbẹ́ ní kí n wá sọ̀rọ̀, ó ní kí n sọ ohunkóhun tó bá wù mí, kí n má ṣáà ti sọ ìṣirò. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bẹ̀ ẹ́. Ìṣirò ni mo fi ń jẹun láti ìgbà tí mo ti kúrò níbí. Yàtọ̀ sí ìyẹn, gbèsè kan wà lọ́rùn mi nínú ilé-ìwé yìí, ìṣirò ló sì bí gbèsè náà. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Èmi náà ti dàgbà, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn.

Lọ́dún 1979, a wà ní Fọ́ọ̀mù Fọ́ọ̀. Ẹ rántí pé ilé mẹ́fà la ní nígbà náà: Pupa, Búlúù, Ewé, Yẹ́lò, Funfun àti Àlùkò. Tíṣà eré ìdárayá pè mí, ó ní, "Ìwọ tó o mọ ìṣirò, lọ ṣe ètò ìdíje bọ́ọ̀lù fún mi. Kí ilé kọ̀ọ̀kan bá gbogbo ilé yòókù gbá lẹ́ẹ̀kan. Ọjọ́ Jímọ̀ márùn-ún péré la ní kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀." Mo ṣírò ó kíá. Ilé mẹ́fà, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15. Mẹ́ta lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, ó di márùn-ún géérégé. Mo ní, "Ó ti bọ́ sí i, sà!"

Kí ni mo wá ṣe? Mo kọ orúkọ ilé sínú ìwé pélébé, mo kó o sínú fìlà, mo ń fà á ní méjì méjì. Bí àwọn méjì tí mo fà bá ti pàdé rí, mo dá wọn padà, mo tún òmíràn fà. Ọ̀sẹ̀ kìíní lọ dáadáa, ìkejì lọ dáadáa, ìkẹta náà lọ. Ní ọ̀sẹ̀ kẹrin, mo fà títí, ọwọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ bó mi, kò bọ́ sí i.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀, nítorí èmi gan-an ò mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta àkọ́kọ́, fìlà mi ti mú kí Pupa, Búlúù àti Ewé bá Yẹ́lò, Funfun àti Àlùkò gbá tán pátápátá. Nítorí náà, ohun tó kù fún Pupa kò ju Búlúù àti Ewé lọ. Bí Pupa bá wá bá Búlúù gbá, ta ni Ewé máa bá gbá? Kò sẹ́nì kan. Bákan náà ló rí lápá kejì. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ló ṣeé ṣe lọ́jọ́ Jímọ̀ kan, mẹ́fà ló sì kù. Ọjọ́ Jímọ̀ mẹ́ta la nílò, méjì la ní.

Ẹ̀yin tí ẹ wà ní Ilé Ewé kò ní gbàgbé ìyókù. Nígbà tí ọjọ́ Jímọ̀ karùn-ún parí, Pupa ti gbá márùn-ún, ó ní àmì 8. Ewé gbá mẹ́rin, ó ní àmì 7, ó sì ti na Pupa. Àmì méjì ni ìborí ń mú wá láyé ìgbà yẹn. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kù fún Ewé ni èyí tí wọ́n máa bá Búlúù gbá. Bí wọ́n bá borí, ife ti di tiwọn. Ṣùgbọ́n ìdánwò dé, wọ́n ti pápá, wọ́n kó ife fún Pupa lórí asẹ́ńbìlì. Kápútéènì Ewé, ẹni tí à ń jọ sùn sí yàrá kan, kò bá mi sọ̀rọ̀ títí sáà fi parí. Ó rò pé mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, torí ọmọ Pupa ni mí. Mo búra, kò gbọ́. Ọdún púpọ̀ kọjá kí n tó mọ̀ pé kì í ṣe oríburúkú ló ṣe wá. Ẹni tó fi fìlà ṣe iṣẹ́ ìṣirò ló jẹ̀bi, èmi nìyẹn.

Ọ̀nà tó yẹ kí n gbà kò le rárá. Ẹ rántí tábìlì gígùn tó wà nínú ilé oúnjẹ wa. Ẹ fi ilé mẹ́ta jókòó lápá kan: Pupa, Búlúù, Ewé. Ẹ fi mẹ́ta kọjú sí wọn: Yẹ́lò, Funfun, Àlùkò. Ẹni tó bá kọjú sí ẹ lo máa bá gbá lọ́sẹ̀ yẹn. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, kí Pupa jókòó pa síbi tó wà, kí gbogbo àwọn yòókù sún àyè kan yí tábìlì ká, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Yẹ́lò á sún sí ẹ̀gbẹ́ Pupa, Funfun á wá kọjú sí Pupa, Búlúù àti Ewé á sì wá kọjú síra wọn. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15 ti pé ní ọ̀sẹ̀ márùn-ún, kò sí ẹni tó pàdé ẹnì kan lẹ́ẹ̀mejì. Ṣé ẹ rí i? Ní ọ̀sẹ̀ kejì gan-an ni Búlúù àti Ewé ì bá ti gbá tiwọn tán. Ọ̀nà yìí ti pẹ́ láyé. Àlùfáà ìjọ kan ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Thomas Kirkman, ni wọ́n sọ pé ó mú un jáde, nínú iṣẹ́ kan tó tẹ̀ lọ́dún 1847.

Ẹnì kan lè wá sọ pé, ó tán nìyẹn, kí ni wọ́n tún ń fi kọ̀ǹpútà ṣe? Ẹ gbọ́ ná. Pápá kan ṣoṣo ni tiwa. Ní líìgì ńlá, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ló ní pápá tirẹ̀. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ gba àlejò, kí ẹnì kejì rìnrìn àjò. Gbogbo kápútéènì ló sì fẹ́ kó jẹ́ pé bí òun bá gbá nílé lónìí, òun á jáde lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun á tún padà wálé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wà lójú ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì léra wọn. Bí ẹgbẹ́ kan bá gbá nílé lẹ́ẹ̀mejì léra, tàbí ó jáde lẹ́ẹ̀mejì léra, ẹ jẹ́ kí á pe ìyẹn ní ìdàrú.

Ṣé a lè ṣètò líìgì tí kò ní ìdàrú kankan? Ẹ bá mi rò ó. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní ìdàrú, ọ̀nà méjì péré ni tirẹ̀ lè gbà lọ: kó bẹ̀rẹ̀ nílé, ilé-òde-ilé-òde títí dópin, tàbí kó bẹ̀rẹ̀ lóde, òde-ilé-òde-ilé. Bí ẹgbẹ́ méjì bá wà lórí ọ̀nà kan náà, ọjọ́ tí ọ̀kan bá wà nílé ni èkejì náà wà nílé, ọjọ́ tí ọ̀kan bá jáde ni èkejì náà jáde. Níbo ni wọ́n ti máa pàdé? Wọn kò lè pàdé láé. Nítorí náà, ẹgbẹ́ méjì péré ló lè bọ́ lọ́wọ́ ìdàrú, ọ̀kan lórí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan. Gbogbo àwọn tó kù gbọ́dọ̀ ní, ó kéré tán, ẹyọ kan. Ní líìgì ẹgbẹ́ 20, ìdàrú 18 ni kò ṣeé yẹ̀ sílẹ̀ ní ìdajì sáà. Dominique de Werra, onímọ̀ ìṣirò ará Switzerland, ló fi èyí hàn nínú iṣẹ́ tó tẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ó sì fi hàn pé a lè ṣètò rẹ̀ kó má ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dúró díẹ̀ sórí ọ̀rọ̀ yìí, torí òun gan-an ni kókó ọ̀rọ̀ mi. Kò sí ètò ìdíje tí gbogbo ènìyàn máa rẹ́rìn-ín sí. Ìyà kan wà níbẹ̀ tí ẹnì kan gbọ́dọ̀ jẹ. Ohun tó kù ni pé ta ló máa jẹ ẹ́, báwo ló ṣe máa pọ̀ tó, ṣé a sì pín in dọ́gba? Ìbéèrè ìdájọ́ ni, kọ̀ǹpútà ò mọ ìdájọ́. Ènìyàn ló gbọ́dọ̀ jókòó, kó sọ ohun tó tọ́, kó kọ ọ́ sílẹ̀ bí òfin. Lẹ́yìn náà ni ìṣirò tó lè bá a wá ètò tó tẹ̀lé òfin náà jù.

Iṣẹ́ wíwá èyí tó dára jù lọ láàárín ohun tó ṣeé ṣe yìí ni àwọn onímọ̀ ń pè ní optimization. Wọ́n á sọ gbogbo nǹkan di ìbéèrè bẹ́ẹ̀-ni-bẹ́ẹ̀-kọ́. "Ṣé ẹgbẹ́ yìí ló máa gba ẹgbẹ́ yẹn lálejò ní ọ̀sẹ̀ kejìlá?" Bẹ́ẹ̀ ni jẹ́ 1, bẹ́ẹ̀ kọ́ jẹ́ 0. Fún ẹgbẹ́ 20 àti ọ̀sẹ̀ 38, irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀ jẹ́ 14,440. Òfin wá di ìṣirò. Kí ẹgbẹ́ kan gbá ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́sẹ̀: ẹ ro gbogbo ìdáhùn rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ náà pọ̀, kó jẹ́ 1. Kí ẹgbẹ́ méjì tó ń lo pápá kan má gba àlejò lọ́jọ́ kan náà: ẹ ro tiwọn pọ̀, kó má ju 1. Lẹ́yìn èyí ni ẹ máa sọ ohun tí ẹ fẹ́ kó kéré jù, bóyá ìdàrú, bóyá ìrìn àjò.

Kí ló dé tí a kò kàn gbìyànjú gbogbo ètò, ká mú èyí tó dára jù? Ẹ wo iye wọn. Bí a bá fẹ́ pín gbogbo ìpàdé ẹgbẹ́ mẹ́fà sí ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí a kò tíì sọ ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú àti èyí tó tẹ̀lé, ọ̀nà 6 ló wà. Fún ẹgbẹ́ 8, ó di 6,240. Fún ẹgbẹ́ 10, ó di 1,225,566,720. A ò tíì dé 20 o! Ọ̀nà kan ò wọjà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọjà yìí, ọ̀nà rẹ̀ pọ̀ ju ẹsẹ̀ lọ.

Ọgbọ́n tí wọ́n ń dá dà bíi ti ìyá tó ń ná iṣu. Ó ti rí iṣu kan ní ìsọ̀ kan, ó mọ iye rẹ̀. Ẹnì kan wá sọ fún un pé ní ọjà kejì, èyí tó pọ́ jù lọ pàápàá wọ́n ju ti ọwọ́ rẹ̀ lọ. Ṣé ó tún máa wọ mọ́tò lọ síbẹ̀? Kò ní lọ. Bẹ́ẹ̀ ni kọ̀ǹpútà ń ṣe. Ó máa kọ́kọ́ dẹ òfin, á gbà kí ẹgbẹ́ kan gba ìlàjì àlejò, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ láyé, ṣùgbọ́n tó yá ṣírò. Bí ó bá rí i pé pẹ̀lú gbogbo ìdẹ̀ra yẹn, apá ibì kan ṣì burú ju ètò tó ti wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, á pa apá náà tì pátápátá, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ètò á sì bá a lọ láìjẹ́ pé ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ó tó di pé irú iṣẹ́ yìí gbilẹ̀, tọkọtaya kan, Henry àti Holly Stephenson, ló ń ṣètò ìdíje bésíbọ́ọ̀lù àgbà ti Amẹ́ríkà, láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 títí di 2004. Lónìí, ẹgbẹ́ 30 ló wà nínú líìgì náà, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gbá 162, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 2,430. Nínú sáà 2005 ni iṣẹ́ náà bọ́ sọ́wọ́ ẹgbẹ́ kan tí àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n Michael Trick àti George Nemhauser wà nínú rẹ̀. Mo máa ń rò ó pé àwọn tọkọtaya yẹn ṣe gudugudu méje. Fìlà tèmi ò lè gbé ilé mẹ́fà!

Lọ́dún 2005 kan náà ni líìgì bọ́ọ̀lù Chile bẹ̀rẹ̀ sí í lo ọ̀nà ìṣirò yìí, nípasẹ̀ iṣẹ́ Guillermo Durán, Andrés Weintraub àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn. Ẹ mọ bí ilẹ̀ Chile ṣe rí: tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, tó sì gùn ju 4,000 kìlómítà lọ. Ìrìn àjò níbẹ̀ kì í ṣe eré. Nígbà tó yá, wọ́n gbé irú iṣẹ́ náà dé ìdíje tí orílẹ̀-èdè mẹ́wàá ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti Gúúsù fi ń wọ Ife Àgbáyé. Ètò kan náà ni wọ́n ti ń lò bọ̀ láti 1996. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì méjì ni wọ́n ń gbá láàárín ọjọ́ mélòó kan, kí àwọn agbábọ́ọ̀lù tó padà sí Yúróòpù. Nínú ètò àtijọ́, àwọn kan ń gbá méjèèjì nílé, àwọn kan ń gbá méjèèjì lóde. Durán, Mario Guajardo àti Denis Sauré wá ṣe òmíràn fún ìdíje ti Ife Àgbáyé 2018: kí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan gbá ọ̀kan nílé àti ọ̀kan lóde nínú méjì méjì náà, kí ẹnikẹ́ni má sì pàdé Brazil àti Argentina léra wọn láàárín ọjọ́ díẹ̀ yẹn. Ó ṣeé ṣe! Ẹ mú ìwé ìdíje Argentina, kí ẹ kà á ní méjì méjì: ilé àti òde, títí dé ìkejìdínlógún.

Ẹ wá gbọ́ èyí tó dùn jù. Nínú ètò tuntun yìí, àwọn tó pàdé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n tún pàdé lọ́jọ́ ìkẹyìn. Ní oṣù October 2017, ọjọ́ ìkẹyìn dé. Argentina lọ sí Ecuador, Messi gbá mẹ́ta wọlé, wọ́n wọlé sí Ife Àgbáyé. Chile lọ sí Brazil, wọ́n nà wọ́n ní 3–0, Chile kò lọ sí Russia. Chile tí wọ́n ti kọ́kọ́ fi líìgì wọn dán iṣẹ́ yìí wò! Kò sẹ́ni tó lè sọ pé wọ́n ṣe ojúsàájú. Ẹni tó ṣètò ìdíje kò bá ẹnikẹ́ni gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni pé bí ẹnì kan bá pàdánù, kó mọ̀ pé lórí pápá ni òun ti pàdánù.

Ẹ jẹ́ kí á mú un wálé. Líìgì àgbà tiwa ní Nàìjíríà, ní sáà 2024–25 tí Remo Stars ti Ìkẹ́nnẹ́ gba ife, ẹgbẹ́ 20 ló wà níbẹ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 380. Ẹ ro ti Shooting Stars, kí wọ́n gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Kano, kí wọ́n padà dé pẹ̀lú ẹsẹ̀ wíwú, kí ìwé ìdíje tún ní Katsina ló kàn. Ìdàrú kan nìyẹn lórí ìwé, àmọ́ nínú eegun agbábọ́ọ̀lù, ọ̀tọ̀ ni. Bí àkókò bá sì kúrú, ìṣirò á yí padà. Ní sáà 2022–23, wọ́n pín ẹgbẹ́ 20 náà sí ọ̀nà méjì, mẹ́wàá mẹ́wàá, mẹ́fà sì wá parí rẹ̀ ní Oníkan, l'Ékòó. Ẹgbẹ́ mẹ́fà, ìpele márùn-ún, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 15. Ẹ̀yin ará, ìdíje ilé mẹ́fà tiwa gẹ́lẹ́ nìyẹn! Enyimba ló gbé ife náà, ìkẹsàn-án wọn. Gbogbo wọn ló gbá márùn-ún márùn-ún. Nígbà tí mo kà á nínú ìwé ìròyìn, mo jókòó jẹ́ẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ilé Ewé ni mo rántí.

Kí ni mo ń sọ, ní kúkúrú? Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́, ẹ̀yin tí ẹ ń pín àkókò iṣẹ́ fún nọ́ọ̀sì, tí ẹ ń ṣètò ìdánwò, tí ẹ ń ṣètò ìpàdé ìjọ tàbí ti ẹgbẹ́, bí ohun kan bá máa ni ẹnì kan lára, ẹ má kàn dà á sínú fìlà kí ẹ ní orí ló ṣe é. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín pé, kí ni à ń pè ní ẹ̀tọ́ níbí? Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí gbogbo ènìyàn rí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ ṣírò. Bí iṣẹ́ bá kéré, tábìlì ilé oúnjẹ tó o. Bí ó bá pọ̀, ẹ pe àwọn ọmọ yín tó mọ kọ̀ǹpútà.

Ó ku gbèsè mi. Mo ti bá alága àti ọ̀gá ilé-ìwé sọ̀rọ̀, wọ́n sì ti fọwọ́ sí i. Lọ́la, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, lórí pápá wa àtijọ́, Ilé Ewé ti ọdún 1979 yóò bá Ilé Búlúù gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí mo jẹ wọ́n. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ní ìdajì kan, torí orúnkún. Dókítà wa méjèèjì á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá pẹ̀lú omi tútù. Àmì 7 ni Ewé ní, àmì 8 ni Pupa ní, ìyẹn kò yí padà. Bí Ewé bá borí, mo ti ra ife kan, ó wà nínú bọ́ọ̀tù ọkọ̀ mi. Kápútéènì wọn jókòó sí ìlà kejì níbẹ̀ yẹn, ó ń wò mí báyìí, ó ń rẹ́rìn-ín. Bùọ̀dá mi, ṣé ẹ ti gbà báyìí pé mi ò mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é?